Rílè Orí Àjà Ìyá Mi

Nǹkan tí mo fi sílẹ̀ nílé kí n tó wá sí Ìlú Ọba kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Mo so ó mọ́ pákó àjà ilé ìyá mi ní Oǹdó, mo fi àpótí ike kékeré bò ó, mo sì kìlọ̀ fún ìyá mi pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rín ni mò ń rín lọ́jọ́ náà. Tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Rílè ni. Ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ iná lè má mọ̀ ọ́n lórúkọ, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ohun tó máa ń dún "ta" nínú sitabiláísà nígbà tí iná bá ń lọ sókè tó ń bọ̀ sílẹ̀, òun ni. Ahọ́n irin kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá fara kan ara wọn, iná á kọjá. Tí wọ́n bá yà, iná á dúró. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun náà ló sì kù díẹ̀ kó jó ìyá mi mọ́lé.

Àkúrẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Fọlọ́runsọ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé. Ọ̀gá mẹ́ta ló ti lé mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ní obìnrin kì í gun àkàbà. Ọ̀kan ní kí n lọ kọ́ aṣọ rírán. Ẹ̀kẹta wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì padà sídìí fáànù tó ń tún ṣe. Ọ̀gá Fọlọ́runsọ́ nìkan ló bi mí pé, "Ṣé o lè tètè jí?" Mo ní mo lè tètè jí. Ó ní, "Ó parí nìyẹn. Bọ́ sídìí uṣẹ́." Bí àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe ń pe iṣẹ́ nìyẹn, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo sì fi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láràárọ̀.

Òkú sitabiláísà ló kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Kò sílé tí iná ìjọba ò ba sitabiláísà jẹ́ lágbègbè yẹn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ń kó o wá. A máa ń tú u palẹ̀, a ó yọ wáyà bàbà inú rẹ̀ fún àwọn tó ń rà á. Ṣùgbọ́n rílè inú rẹ̀, Ọ̀gá kì í tà á. Inú agolo mílíìkì ńlá kan ló ń kó o sí. Nígbà tí sólà wá gbòde, tí oníkálukú ń fẹ́ sólà, rílè inú agolo yẹn la fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Òun la fi ń pa pọ́ǹpù tí táńkì bá kún, òun la fi ń já bátìrì kó má baà kú pátápátá. Ọ̀gá á gbé ọ̀kan sókè, á ka iye iná tó lè gbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á ní, "Áńpù mẹ́wàá. Áńpù mẹ́wàá kì í ṣe áńpù mẹ́sàn-án. Iná ò mọ ulé tí rílè ti wá." Àwa ọmọọṣẹ́ á sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù mi, mo kúnlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi ti wá láti Oǹdó, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn ọ̀gá mìíràn máa ń fún ọmọọṣẹ́ tó bá parí ní pílásì tàbí ìwé ẹ̀rí. Rílè ni Ọ̀gá wa máa ń fún ọmọọṣẹ́ tirẹ̀, èyí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tú. Ó mú ọ̀kan nínú agolo, ó gbé e lé mi látẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó, ó gbàdúrà. "Iná ò ní jó ọ. Ulé tí o bá ṣe uṣẹ́ sí ò ní jó." Ìyá mi ṣe àmín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Rílè yẹn gan-an ni mo gbé sórí àjà rẹ̀.

*

Ìbàdí ìyá mi ló fà á. Ó ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé lọ́dún tí bàbá mi kú, láti ìgbà náà ni kò sì ti lè gbé korobá omi mọ́ láì kérora. Kànga wa jìn. Nígbà tí ìwé ìrìnnà mi jáde, mo búra fún ara mi pé n kò ní fi ìyá mi sílẹ̀ sídìí okùn kànga. Mo ra páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin àti pọ́ǹpù tó ń lo iná oòrùn tààrà. Òrùlé ilé bàbá mi ti gbó, kò lè gbé páńẹ́ẹ̀lì, nítorí náà mo jó irin, mo sì tò wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé, wọn ò ga ju àyà ènìyàn lọ. Páńẹ́ẹ̀lì ń gba oòrùn, iná ń gba orí àjà kọjá nínú rílè, pọ́ǹpù ń fa omi. Tí táńkì bá kún, rílè á dún "ta," pọ́ǹpù á dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ìyá mi ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ rẹ̀, ó dúró síbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin àdúgbò ti gbé korobá dé. Kò sẹ́ni tó dá wọn padà. Omi ọmọ Màmá ni wọ́n ń pè é, wọn ò sì lè pọn ún kí wọ́n má ṣàdúrà fún mi. Àdúrà yẹn ni ìyá mi ń jẹ, òun ló ń mu. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é láti ìlú òyìnbó, òun ló máa kọ́kọ́ ròyìn.

*

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí nílùú òyìnbó. Orúkọ ni. Ilé iṣẹ́ tí mo ti ríṣẹ́, wọ́n ń to àpótí iná níbẹ̀, irú èyí tó ń darí ẹ̀rọ ńláńlá. Obìnrin tó jẹ́ olórí wa tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, irun rẹ̀ ti funfun, àwọn ọmọ kéékèèké tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń pè é ní Jẹ́nì. Jẹ́nì gbé e, Jẹ́nì gbọ́. Èmi ń pè é ní "Mà." Ní ọjọ́ kẹta, ó dá mi dúró, ó ní, "Jọ̀ọ́, má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ńṣe ni mo ń rí ara mi bí arúgbó." Odindi oṣù kan ni n kò fi pè é ní ohunkóhun. Tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá lọ dúró níwájú rẹ̀, màá sì máa wúkọ́.

Ohun tó ṣìkejì tó dùn mí ni ìwé. Wọ́n béèrè ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ iná mi. Mo ní ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ, mo sì ti ń dá ṣe é lẹ́yìn náà. Ọmọ ọ̀fíìsì tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní, "Ìwé ńkọ́?" Mo ní kò sí. Ó tẹ nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo sì na ọrùn, mo rí i. Ó kọ ọ́ pé n kò mọ nǹkan kan. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé mi sídìí páálí. Èmi tí mo ti gun òrùlé káàkiri Àkúrẹ́, tí mo ti gbé iná wọ ilé tíṣà kan ní Ìgbàrà-Òkè nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí bàbá ọmọ fi gbé ọmọ náà fún mi pé kí n súre fún un, èmi ni mo wá ń lẹ páálí mọ́ra. Ọdún kan ààbọ̀. Inú mi ń ru, mo sì ń kí wọn ẹ káàárọ̀.

Nígbà tó yá, ènìyàn kan fiṣẹ́ sílẹ̀, Jẹ́nì ní kí n wá sídìí tábìlì. Mo jó lọ́jọ́ náà nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo kàn ń sọ òótọ́ ni. Mo pe ìyá mi, mo ní, "Màmá, wọ́n ti jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà!" Gbogbo àwọn tó ń pọnmi ló bá a yọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo lò níbẹ̀.

Àpótí kan ló dé iwájú mi, ti bátìrì ńlá, rílè kan kù nínú rẹ̀. Èyí tó yẹ kí n fi sí i ti tán. Mo wo inú àwo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rí òmíràn, áńpù rẹ̀ sì bára mu. Áńpù mẹ́wàá kì í ṣe áńpù mẹ́sàn-án. Mo tì í bọ àyè rẹ̀, mo fi òjé jó o mọ́ ọn dáadáa, iṣẹ́ tó mọ́. Ọkùnrin tó ń yẹ iṣẹ́ wò gbé e yẹ̀ wò, ó sì pariwo pe Jẹ́nì.

Jẹ́nì bi mí pé kí ló mú mi fi rílè iná AC sínú iná DC. Mo ní bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́. Jẹ́nì ò bínú, ìyẹn ló tún bí mi nínú jù. Ó mú mi lọ sídìí àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò, ó gbé irú rílè kan náà síbẹ̀, ó kọ́kọ́ fi iná AC ṣe é. Rílè ya ẹnu, iná ta bíntín, ó kú. Ó wá fi DC ṣe é, agbára rẹ̀ tó fóòtì àádọ́jọ. Rílè ya ẹnu, iná ta, kò sì kú. Ó dúró sáàárín ahọ́n méjèèjì, ó funfun tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń han bí ológbò, irin yọ́, ike bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ó ṣàlàyé fún mi, mo sì gbọ́ ọ yé. Iná AC tó ń wọ ilé láti ojú pópó, ń lọ ó ń bọ̀ ni, bí ọmọ odó lọ́wọ́ ẹni tó ń gúnyán. Kó tó yí padà, á kọ́kọ́ dúró díẹ̀, ibi tó bá ti dúró ni iná tó ta láàárín ahọ́n rílè ti ń kú. Iná oòrùn àti ti bátìrì, tí í ṣe DC, kì í dúró. Ọ̀nà kan ló ń gbà, kò ní ibi tí yóò ti sinmi. Lórí bátìrì kan ṣoṣo, ìyà náà lè má hàn fún ìgbà pípẹ́, ohun tó tàn wá jẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí fóòtì bá ti pọ̀, rílè yóò jó ni. Ó sì wà lára rẹ̀. Ìlà méjì ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rílè náà. Ìlà òkè sọ ti AC, ìgbà àìmọye ni mo sì ti kà á. Ìlà ìsàlẹ̀ sọ pé tó bá jẹ́ DC, kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n fóòtì lọ. Ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó ka ìlà kejì fún mi rí, èmi náà ò sì kà á.

Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ìyá mi, tí mo so tẹ̀lé ara wọn, ń mú tó àádọ́jọ fóòtì wá tí oòrùn bá ràn.

Jẹ́nì ní, "Báwo ni kò ṣe tíì sẹ́ni tó kú lọ́dọ̀ yín?" N kò mọ̀ bóyá ìyọ́nú ló fi sọ ọ́ àbí àrífín. Mo ní, "Àwọn ènìyàn wa kì í kú bẹ́ẹ̀." Ìsọkúsọ ni, mo sì mọ̀. Wọ́n dá mi padà sídìí páálí lọ́jọ́ náà.

*

Mo pe ìyá mi ní ìdúró bọ́ọ̀sì, mi ò lè dúró di ilé.

"Màmá, pọ́ǹpù yẹn ńkọ́?"

"Ọma mi, ó ń ṣiṣẹ́. Àfi pé ó ti ń ya alágídí díẹ̀."

"Alágídí báwo?"

"Táńkì á kún, kò ní dákẹ́, omi á máa ṣàn lọ sójú títì. Ṣùgbọ́n mo ti mọ oògùn rẹ̀. Mo máa ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá àpótí òkè yẹn lẹ́ẹ̀mejì, á dún ta, á sì dákẹ́."

Mo jókòó sórí pèpéle tútù tó wà níbẹ̀. Ahọ́n rílè ti ń yọ́ lẹ̀ mọ́ra wọn, ìyá mi sì ń fi ìgbálẹ̀ là wọ́n.

"Ṣé ó ń rùn?"

"Ó ń rùn nígbà mìíràn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sun bàtà. Mo rò pé èkúté ló kú sórí àjà."

"Màmá, ẹ má gbá a mọ́. Ẹ fi tapólì bo páńẹ́ẹ̀lì yẹn lónìí, kí ẹ pe ẹnìkan kó wá tú u."

"Ta ni n ó pè? Ìwọ lo ní kí n má jẹ́ kí ará Oǹdó kankan fọwọ́ kàn án, o ní àfi Ọ̀gá rẹ."

"Mo mọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Àwọn tó ń pọnmi ńkọ́? Kí n ní kí wọ́n lọ síbo? Ó pé ọdún méjì tí nǹkan yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ gbàdúrà sí i níṣojú mi, mo ṣe àmín."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo pariwo mọ́ ọn, obìnrin òyìnbó kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá mi wá ní, "Mo ti gbọ́." Mo mọ "mo ti gbọ́" ìyá mi. Kò ní ṣe é.

Ó ku Ọ̀gá.

Inú rẹ̀ dùn nígbà tó gbọ́ ohùn mi. "Ìyá òyìnbó! Ṣé o ò tíì gbàgbé wa?" Mo kí i, mo kí ṣọ́ọ̀bù, mo kí ilé rẹ̀ lódindi, nítorí n kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ́.

"Ọ̀gá, rílè inú sitabiláísà yẹn, ẹ jọ̀ọ́ sà, kò yẹ kí a máa lò ó fún sólà."

"Kò yẹ?"

"Kò yẹ, sà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ojú mi ló rí i, sà. Ó ń jó. Ti ìyá mi ti ń lẹ̀ pọ̀."

"Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe uṣẹ́ yìí. Ulé ta ló jó? Mo ní ulé ta ló jó?"

"Kò tíì jó, sà."

"Ti ìyá rẹ, ìwọ lo so ó, bóyá o ò so ó dáadáa. Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń jẹ́ kí o fọwọ́ kan iná níbẹ̀ yẹn? Àbí páálí lo ṣì ń dì?"

Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ti páálí fún un nígbà kan, a jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ó pa fóònù náà mọ́ mi létí.

Mo gba ohùn sílẹ̀ mo fi ránṣẹ́ sí i lórí Wáásáàpù. N kò ní parọ́, ohun tí ọmọọṣẹ́ kì í sọ fún ọ̀gá ni mo sọ. Mo ní, "Ẹ kọ́ mi ní iṣẹ́ tó ń pani. Ẹ gbàdúrà lé iná lórí, ẹ gbé e fún mi, mo sì gbé e lé ìyá mi lórí. Tí nǹkan bá ṣe é, ẹ̀yin ni." Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Wọ́n bú mi nínú gúrúùpù wa dáadáa. Ọ̀kan ní, "Ó ti di òyìnbó tán." Òmíràn ní ọjọ́ tí obìnrin ti wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ti mọ̀ pé yóò dójú ti Ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ mí kúrò.

Ẹ wo nǹkan tó ń ká mi lára. Níbí, wọn ò gba ohun tí mo mọ̀ gbọ́ nítorí pé ilé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Nílé, wọn ò gba ohun tí mo rí gbọ́ nítorí pé ibí ni mo ti rí i. Ibo wá ni kí n dúró sí kí ẹnìkan tó gbà mí gbọ́? Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé aáyun ilé ló ń ṣe ẹni tó bá lọ sájò. Aáyun kọ́ ló ń ṣe mí. Ìbínú ni. Mo ń bínú sí Ọ̀gá, mo ń bínú sí ìyá mi àti igi ìgbálẹ̀ rẹ̀, mo ń bínú sí àwọn tó ń pọnmi tí wọ́n ń ṣàdúrà fún mi lábẹ́ nǹkan tó fẹ́ gbiná. Mo ń bínú sí ọwọ́ mi méjèèjì.

*

Mo lọ dúró níwájú Jẹ́nì. N kò wúkọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ní, "Jẹ́nì, ìyá mi ń sùn lábẹ́ irú rílè yẹn. Ọ̀gá tó kọ́ mi ò gbà mí gbọ́. Mo fẹ́ ya àwòrán rẹ̀ nígbà tó bá ń jó."

Wọn kì í jẹ́ kí a mú fóònù dé ibi àpótí onígíláàsì yẹn, wọ́n ti lé ènìyàn nítorí ẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, Jẹ́nì gbé rílè síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tan iná, ó sì kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń ka ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ya á. Mo fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gá. Mo rí i pé ó wò ó.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, kò sọ nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo wà níbi iṣẹ́ nígbà tí ìpè fídíò ìyá mi wọlé. Mo sáré wọ yàrá tí a ti ń jẹun.

"Ọma mi, Ọ̀gá rẹ rèé. Àkúrẹ́ ló ti wá láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n máa gbé fóònù yìí sókè, kí o lè rí i."

Mo rí Ọ̀gá lórí àkàbà. Ó ti gbó, ìrùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó ti ṣí àpótí ike náà sílẹ̀. Kò kí mi. Ó ní, "Ṣé o ń rí mi? Táńkì kún. Pọ́ǹpù ò dákẹ́, ó lẹ̀ lóòótọ́. Mo fẹ́ là á, kí o wá rí i bóyá yóò jó."

"Ọ̀gá, ẹ má là á! Oòrùn ti ràn!"

Ó ti fi orí súkúrúdíráfà kàn án.

Ìmọ́lẹ̀ funfun gba ojú fóònù, n kò rí nǹkan kan mọ́. Mo gbọ́ tó ń han bí ológbò, bó ṣe han nínú àpótí gíláàsì gẹ́lẹ́. Mo gbọ́ Ọ̀gá tó kígbe, mo gbọ́ àkàbà tó ṣubú. Nígbà tí àwòrán padà, Ọ̀gá wà nílẹ̀, ó di ọwọ́ mú, pákó àjà lókè rẹ̀ sì ti ń dúdú, èéfín ń jáde lára rẹ̀. Ọ̀gá pariwo pé kí wọ́n já bírékà. Ẹnìkan já a. Kò sí nǹkan tó yí padà, torí inú sitabiláísà náà la ti tú bírékà yẹn, ti AC ni òun náà. Obìnrin kan sáré wọlé pẹ̀lú korobá omi rẹ̀.

Mo kígbe débi tí ohùn mi fi há. "Ẹ má da omi sí i! Ẹ má da omi sí i! Ẹ bo páńẹ́ẹ̀lì! Màmá, ẹ lọ bo páńẹ́ẹ̀lì!"

Ìyá mi tí kò lè gbé korobá, mo rí i tó sáré. Fóònù ń mì lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí ilẹ̀, mo rí ojú ọ̀run, mo rí ẹsẹ̀ àwọn obìnrin. Ó ń pariwo pé, "Ìró yín! Ẹ bọ́ ìró yín!" Wọn ò bi í léèrè. Àwọn obìnrin tó wá pọnmi tú ìró wọn, wọ́n dúró pẹ̀lú tòbí àti síkẹ́ẹ̀tì abẹ́ nínú oòrùn, wọ́n ń da aṣọ bo páńẹ́ẹ̀lì mi, ìró lórí ìró, àǹkárá lórí kàmpálà, títí tí oòrùn ò fi rí ibi gbà wọlé mọ́.

Ohùn náà dákẹ́.

Jẹ́nì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí a sọ. Ó gbé omi fún mi, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sì sọ fún mi pé àkókò ìsinmi ti parí.

*

Wọ́n fi iyanrìn pa ìyókù iná orí pákó. Ọ̀gá jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ìka rẹ̀ méjì ti bó. Rílè náà wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti di èédú. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyá mi.

Kò bẹ̀ mí. N kò rò pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọmọọṣẹ́.

"Kí ni a ó fi rọ́pò rẹ̀?" ó ní.

Mo sọ fún un. Mo sọ irú èyí tí wọ́n ṣe fún DC, mo sọ ibi tí yóò ti ka fóòtì rẹ̀ lára rẹ̀, ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó gba bírò lọ́wọ́ ìyá mi, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí kan. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn ilé tó ti fi rílè inú agolo sí. Ó ń kọ, ó ń dúró, ó ń kọ. Ó gbé ojú sókè.

"Ìwọ náà, ka tìrẹ."

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ka ilé tirẹ̀ fún un, n kò ka tèmi rí. Ilé méje ni mo fi í sí. Àkọ́kọ́ ni ti tíṣà ní Ìgbàrà-Òkè, tí wọ́n gbé ọmọ fún mi pé kí n súre fún. N kò ní nọ́ńbà wọn mọ́.

Ọ̀gá kọ ọ́ sórí gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ibẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ lọ lọ́jọ́ Ajé."

Ó lọ. Ó fi àwòrán rílè tó tú níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti dúdú. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Títí di òní ni àwòrán ṣì ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì tíì dá mi padà sínú gúrúùpù. Inú ṣì ń bí mi. Ìdí páálí ni mo ṣì wà.

Ìyá mi pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Súwíìṣì tuntun ti wà lára ògiri, ọwọ́ ló fi ń tan pọ́ǹpù báyìí, ọwọ́ ló sì fi ń pa á. Ó ní àwọn obìnrin ṣì ń pọnmi, àti pé etí irin páńẹ́ẹ̀lì fa ìró ẹnìkan ya díẹ̀, obìnrin náà kọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n bá òun ra òmíràn. Ó wá ní, "Nǹkan tó jó yẹn, Ọ̀gá rẹ fẹ́ jù ú nù, mi ò gbà. Mo fi bébà wé e, mo gbé e sínú àpótí mi. Àdúrà ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe èmi ni n ó jù ú nù. Tí o bá dé, wàá jù ú nù fúnra rẹ. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Ìwé mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba wọn níbí. Tí mo bá fẹsẹ̀ kan jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, n kò sì mọ ìgbà tí wọ́n máa dá mi lóhùn.

Mo ní, "Láìpẹ́, Màmá."

Irọ́ ni. Òun náà mọ̀ pé irọ́ ni, ó sì ṣe àmín.